Ìró Tí Màmá Kò Gbọ́

Aránṣọ ni obìnrin náà, Sísọ́ọ̀sì sì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Sísọ́ọ̀sì rẹ̀ kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Okùn pupa ló fi so ó kọ́, ó sì ń gbé e kiri bí ọlọ́pàá ṣe ń gbé fèrè. Yàrá iwájú ilé ọkọ rẹ̀ ló fi ṣe ṣọ́ọ̀bù. Maṣíìnì rẹ̀ kọjú sí fèrèsé tó wo títì, àyọ́ọ̀nù wà lórí bẹ́ǹṣì lápá ọ̀tún, àwọn aṣọ tí oníbàárà kò tíì wá gbà sì wà lórí okùn lẹ́yìn rẹ̀. Bí atẹ́gùn bá fẹ́, àwọn aṣọ náà á máa yí díẹ̀díẹ̀, bí èrò tí kò lórí tí wọ́n dúró de ẹni tí yóò dá wọn lóhùn. Ó ti mọ́ ọn lára. Ó máa ń fi wọ́n ṣàwàdà fún àwọn oníbàárà pé, "Ẹ tètè wá gba tiyín, ó ti ń bínú."

Ọkọ rẹ̀ jẹ́ olórí gáàdì nílé ìlagi kan lẹ́yìn ìlú. Àṣálẹ́ ló ń jáde, àárọ̀ ló ń wọlé. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Bó bá ń bá yín sọ̀rọ̀, ẹ ó rò pé ńṣe ló yá yín ní ọ̀rọ̀ náà, pé yóò padà wá gbà á. Ìbọn ẹlẹ́nu méjì ló ń gbé lọ síbi iṣẹ́, irú èyí tí wọ́n máa ń ṣẹ́ láàárín kí wọ́n tó ki ọta bọ̀ ọ́. Tirẹ̀ ni ìbọn náà. Ó ní ìwé àṣẹ rẹ̀ lọ́wọ́, kì í sì í jẹ́ kí àsìkò ìwé náà kọjá kó tó lọ tún un gbà.

Ohun kan wà tí kì í yẹ̀ nínú ilé yẹn. Bí ọkùnrin náà bá dé láàárọ̀, kì í bọ́ bàtà, kì í mumi, kì í kí ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gbẹ́ ilé ni yóò gbà dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn, níbi tí kọ́bọ́ọ̀dù ńlá kan wà. Òkìtì yanrìn tó ṣẹ́kù nígbà tí wọ́n kọ́lé wà níta ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, ibẹ̀ ni yóò sì kọ ẹnu ìbọn sí. Yóò ṣẹ́ ẹ láàárín, yóò yọ ọta àkọ́kọ́ jù sínú agolo mílíìkì, yóò yọ èkejì jù sí i. Yóò gbé ìbọn sókè wo ìmọ́lẹ̀ nínú ihò méjèèjì, lẹ́yìn náà yóò tún ti ọmọńdinrín rẹ̀ bọ ihò náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní ojú tí kò sùn mọ́jú lè parọ́, ìka kì í parọ́. Ìgbà náà ni yóò nu ìbọn, tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù, kó sì gbé agolo ọta lọ sínú àpótí irin kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá, àgádágodo ọ̀tọ̀ ló sì fi ń ti ìyẹn. Kọ́kọ́rọ́ méjèèjì, ọrùn rẹ̀ ni wọ́n ń sùn.

Gbogbo èyí, ó ń sọ ọ́ jáde lẹ́nu bó ṣe ń ṣe é. Ìyá rẹ̀ ń gbé pẹ̀lú wọn, yàrá ìyá náà sì fẹ̀yìn ti kọ́bọ́ọ̀dù yẹn gan-an. Ògiri kan ṣoṣo ló là wọ́n. Màmá ò ríran mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, ìbọn sì ń bà á lẹ́rù ju ejò lọ. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ kọ́kọ́ gbé e wọlé, oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Ọmọ bá dá ọgbọ́n. Láràárọ̀ yóò máa sọ fún un láti ẹ̀yìn ògiri: "Màmá, mo ti dé. Mo ti ṣẹ́ ẹ o. Ọ̀kan rèé. Èkejì rèé. Ó ti ṣófo." Ìyá á gbọ́ bí irin ṣe dún ká, á gbọ́ ọta bó ṣe ń bọ́ sínú agolo, kò, kò, á wá dáhùn pé, "Ó káre." Ìgbà yẹn gan-an ni ilẹ̀ máa ń mọ́ nínú ilé náà.

Sísọ́ọ̀sì máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀. "Ẹ kúkú fi orin sí i, ká máa jó o."

Ọkọ rẹ̀ á ní, "Èmi àti ìwọ lè jà ká sì parí ẹ̀. Ìbọn ò mọ 'ẹ jọ̀ọ́'."

Ó ti sọ fún un lọ́pọ̀ ìgbà pé ìbọn tí èèyàn ò bá fojú ara ẹ̀ wo inú rẹ̀, kó mú un pé ọta wà níbẹ̀. Pé wọn kì í kọ ẹnu rẹ̀ sí ohun tí wọn ò fẹ́ pa, ì báà ṣófo. Pé ìka kì í sún mọ́ ibi tí wọ́n ń fà. Obìnrin náà á ní òun ti gbọ́. Bí èèyàn ṣe ń gbọ́ òjò lórí páànù ló ṣe gbọ́ ọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, kùrukùru bo ilẹ̀ débi pé ẹni tó wà ní títì ò rí ilé. Sísọ́ọ̀sì ti wà nídìí maṣíìnì, ó ń rán yúnífọ́ọ̀mù fún àwọn ọmọ ilé ìwé tó fẹ́ wọlé. Ó rí ọkọ rẹ̀ tó kọjá níwájú fèrèsé, tó fọwọ́ ti ògiri bí ẹni tí ilẹ̀ ń yọ̀ lẹ́sẹ̀. Ó gbọ́ ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, ó gbọ́ kọ́kọ́rọ́ tó yí. Maṣíìnì ń sáré, kò gbọ́ ohun mìíràn, kò sì rò pé ó yẹ kóun gbọ́. Nígbà tó máa wọ yàrá, ọkọ rẹ̀ ti jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó la ẹnu, ọ̀rọ̀ ò jáde. Ó gbé ọwọ́ òsì, ó nà án sápá ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyàwó rò pé omi ló ń béèrè, ó sáré lọ bù ú wá. Kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, ó ti kọjá lọ.

Wọ́n sin ín. Àwọn èrò wá, wọ́n jókòó, wọ́n lọ. Ilé wá dákẹ́ débi pé èèyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ lè gbọ́ bí aṣọ ṣe ń rọ̀ sílẹ̀ lórí okùn.

Màmá ò sunkún púpọ̀. Ohun tó ń ṣe ni pé, ní àsìkò tí ọmọ rẹ̀ máa ń dé láàárọ̀, á dìde jókòó, á gbé etí lé ògiri. Bẹ́ẹ̀ ni Sísọ́ọ̀sì ṣe bá a nígbà tó gbé omi gbígbóná wọlé fún un.

"Màmá, kí lẹ̀ ń gbọ́?"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Òun ló ń dà mí láàmú."

"Ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ sinmi, ẹ jọ̀ọ́."

"Kò tíì parí," ni Màmá wí. "Ọmọ mi ò tíì parí ohun tó ń ṣe."

Orí Sísọ́ọ̀sì wú. Ó gbé omi kalẹ̀, ó jáde. Nígbà tó sọ ọ́ fún àbúrò ọkọ rẹ̀, awakọ̀ tírélà tí wọ́n ń pè ní Baba Kékeré, ìyẹn mi orí. Ó ní ọ̀fọ̀ ọmọ kì í ṣe ohun tí àgbà ń gbé mì, pé kí ìyàwó àwọn máa fi sùúrù bá ìyá náà lò, ó ti ń ṣarán. Màmá tún sọ ọ̀rọ̀ yẹn lọ́jọ́ kejì, ó tún un sọ lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, kò sì sẹ́ni tó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ ohun tó túmọ̀ sí. Ìgbà tó yá, òun náà dákẹ́.

Ẹ̀yìn ìgbà tó dákẹ́ ni òórùn kan bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀sán ni, oòrùn ń ta lójú títì, àwọn ọmọ ń ti ilé ìwé bọ̀. Sísọ́ọ̀sì tẹ orí ba lórí ọrùn aṣọ kan tó ń yọ ọ́ lẹ́nu, ló bá gbọ́ òórùn ọ́ìlì ìbọn. Kì í ṣe ọ́ìlì maṣíìnì. Ó mọ ti maṣíìnì. Èyí ni òórùn tó máa ń wà lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ láàárọ̀, tí ọṣẹ kì í lè fọ̀ kúrò pátápátá. Ó dìde, ó tẹ̀ lé e bí ẹni tẹ̀ lé okùn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn ló já sí. Kọ́bọ́ọ̀dù wà ní títì, àmọ́ nígbà tó fọwọ́ kan ibi tí wọ́n ń dì mú, ó ń yọ̀.

Kọ́kọ́rọ́ ọkọ rẹ̀ ti di tirẹ̀ látọjọ́ tí wọ́n ti bọ́ ọ lọ́rùn òkú. Ó so ó mọ́ okùn sísọ́ọ̀sì. Ó ṣílẹ̀kùn. Ẹ̀wù òjò ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wà níbẹ̀. Igun apá ọ̀tún ni ìbọn máa ń fara tì láti ìgbà tó ti mọ̀ ọ́n. Apá òsì ló wà. Àkísà tí ọkọ rẹ̀ fi ń nù ún tutù, ọ́ìlì sì ń dán níbi oríkèé tí ìbọn ti ń ṣẹ́, bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ta á sí i.

Kò fọwọ́ kàn án. Ó ní ó kúkú ṣófo. Kò sí àárọ̀ kan tí kò ṣófo rí. Ó ti ilẹ̀kùn padà, ó lọ jókòó nídìí maṣíìnì, kò sì lè ti òwú bọ abẹ́rẹ́ fún ìgbà pípẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí nǹkan ò ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó rí ilà kan lórí eruku ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, láti ìdí kọ́bọ́ọ̀dù títí dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, bí ìgbà tí wọ́n bá wọ́ nǹkan tó wúwo nílẹ̀. Ó gbá a. Kí ọjọ́ mélòó kan tó kọjá, ilà náà tún ti wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tó fọwọ́ ara ẹ̀ tì wà ní ṣíṣí, ó kọjú sí òkìtì yanrìn, ẹnikẹ́ni ò sì sí nítòsí. Ta ni yóò fẹ̀sùn kàn? Èèyàn méjì péré ló wà nílé. Màmá kì í lè gbé kẹ́tùlù dúró láìjẹ́ pé omi dànù, kì í sì í kọjá ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ láìpe ẹni tí yóò dì í mú. Kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù sì rèé, ọrùn òun ló wà.

Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Sísọ́ọ̀sì ti wá ń ríran kọjá ohun tó wà nílẹ̀. Ó bá ara rẹ̀ níwájú kọ́bọ́ọ̀dù lọ́jọ́ kan, tó ń bá a sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ṣé ẹ̀yin ni? Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, kí lẹ gbàgbé síbí?"

Lẹ́yìn ògiri, Màmá wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì dákẹ́, bí ẹni tí òun náà ń tẹ́tí.

Ọmọ Sísọ́ọ̀sì obìnrin, tó ń bá ọkọ gbé nílùú mìíràn, ló sọ ọ̀rọ̀ náà di ohun tí wọn ò lè fi falẹ̀ mọ́. Ó pè lórí fóònù, ó ní òun fẹ́ kí àwọn ọmọ òun wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ ìyá àgbà wọn, àmọ́ òun ò ní jẹ́ kí wọ́n sùn nílé tí ìbọn wà tí ẹni tó mọ̀ ọ́n lò ò sí mọ́. "Mọ́mì, ẹ bá mi wá ibi gbé e sí. Àwọn ọmọ wọ̀nyí, ohun tí wọ́n bá tì mọ́ wọn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ ṣí." Sísọ́ọ̀sì ò bá a jiyàn. Inú rẹ̀ tiẹ̀ dùn pé ẹlòmíràn ló dá a lábàá. Ó ránṣẹ́ pe Baba Kékeré pé kó wá gbé ìbọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ.

Àárọ̀ ọjọ́ tí Baba Kékeré fẹ́ dé, ó ń rán aṣọ bí ìṣe rẹ̀. Maṣíìnì ń sáré, ariwo rẹ̀ kún inú yàrá. Òwú já. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò, maṣíìnì dúró, ó sì fi ẹnu òwú sẹ́nu láti fi itọ́ rin ín kó tó tún tì í bọ abẹ́rẹ́. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, ó gbọ́ bí irin ṣe dún lẹ́yìn ilé. Ká.

Lẹ́yìn náà, ohùn kan, tó nípọn, tó lọ sílẹ̀, tí kò kánjú:

"Ọ̀kan rèé."

Nǹkan dún. Kò.

"Èkejì rèé."

Kò.

"Ó ti ṣófo."

Sísọ́ọ̀sì ò mọ bó ṣe dé títì. Ó kàn rí i pé oòrùn wà lójú òun, pé òun ò wọ bàtà, pé òwú ṣì wà lẹ́nu òun. Ọkùnrin tó ń tún bàtà ṣe lódìkejì gbé ojú sókè, ó bi í pé ṣé kò sí wàhálà. Ó ní kò sí. Ó dúró síbẹ̀, ó gbá ọwọ́ méjèèjì mọ́ra, ó ń wo ilé tó ti ń gbé láti ìgbà tó ti wà ní wúńdíá bí ẹni tó ń wo ilé onílé. Ibẹ̀ ló wà títí tí mọ́tò Baba Kékeré fi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ìyàwó wa, ṣé èmi lẹ wá pàdé ní títì báyìí? Ẹ̀yẹ yìí mà pọ̀ jù."

"Ẹ ká lọ gbé nǹkan yẹn, Baba Kékeré. Ẹ ká lọ gbé e báyìí."

Òun ló ṣíwájú, nítorí pé ó ní ẹnì kan lẹ́yìn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ dákẹ́. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wà ní títì. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Ìbọn wà ní igun apá ọ̀tún, níbi tí ọkọ rẹ̀ máa ń fi í sí, wọ́n sì ti nù ún mọ́ tónítóní. Sísọ́ọ̀sì fà sẹ́yìn. Baba Kékeré ò rí nǹkan kan nínú ìyẹn. Ó na ọwọ́, ó gbé e, ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù níwájú kó lè rí i dáadáa nínú ìmọ́lẹ̀.

Aláwàdà èèyàn ni Baba Kékeré. Ó rí i pé ojú ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun ti fà ro, ó sì fẹ́ kó rẹ́rìn-ín. Ó dúró láàárín àwọn aṣọ tó rọ̀, ó gbé ìbọn lé èjìká, ó kọ ẹnu rẹ̀ sí àyà obìnrin náà.

"Ẹ gbọ́wọ́ sókè. Gbogbo bọ́tìnnì tó wà nílé yìí, ẹ kó o wá."

"Baba Kékeré, ẹ má kọ ọ́ sí mi o."

"Ó ṣófo kẹ̀. Ta ni ò mọ ẹ̀gbọ́n mi?"

Ó fà á. Ká. Ó tún fa èkejì. Ká.

Ó rẹ́rìn-ín, Sísọ́ọ̀sì náà sì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí èèyàn ń rín kí ẹ̀rù má baà hàn. Wọ́n ṣì wà lórí ẹ̀ nígbà tí ohùn Màmá wá láti inú ilé.

"Ẹ̀ẹ̀mejì ló fà á."

Màmá tún béèrè:

"Ta ló kọ ọ́ sí?"

"Ìyàwó wa ni, Màmá," ni Baba Kékeré wí. "Eré là ń ṣe."

Wọ́n gbọ́ ọwọ́ rẹ̀ lára ògiri, tó ń fà, tó ń dúró, tó ń fà, títí ó fi yọ sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Kò tíì dá wá síbẹ̀ rí láti ọdún tí ojú rẹ̀ ti lọ. Ó fọwọ́ wá tábìlì tí Sísọ́ọ̀sì fi ń gé aṣọ, ó tú kókó etí ìró rẹ̀, ó sì kó ọta méjì jáde, pupa, wọ́n ní ìdí idẹ. Ó kó wọn lé orí tábìlì. Ọ̀kan yí lọ díẹ̀, ó sì dúró lára ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n fi ń ṣàmì sáṣọ.

"Àwọn tó wà nínú ẹ̀ rèé," ló wí. "Àárọ̀ yìí ni mo rí wọn yọ."

Baba Kékeré wo ọta, ó wo ìbọn, ó wo ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ojú rẹ̀ di eérú.

"Gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́," ni Màmá wí fún un, bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. "Kọ ẹnu ẹ̀ síbi tí kò séèyàn."

Ó gbé e kalẹ̀. Ó jáde síta, wọ́n sì gbọ́ bó ṣe ń bì lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà mọ́tò. Sísọ́ọ̀sì jókòó sórí àga maṣíìnì. Ó fi ọwọ́ kan ibì kan láyà ara rẹ̀, lábẹ́ ibi tí sísọ́ọ̀sì ń rọ̀ sí. Ó rí i bí ẹni pé aṣọ òun ti lu níbẹ̀. Kò lu. Ó tún fọwọ́ kàn án.

Ìgbà tí ara wọn balẹ̀ díẹ̀, Màmá jókòó sáàárín wọn, ó sì sọ ọ́ fún wọn. Ó ní àárọ̀ tí ọmọ òun kú, òun gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, òun gbọ́ kọ́bọ́ọ̀dù, òun gbọ́ kọ́kọ́rọ́. Òun ò gbọ́ irin. Òun ò gbọ́ agolo. Láti ìgbà tí ìbọn yẹn ti wọlé, òun ò rí àárọ̀ tí òun ò gbọ́ ọ, nítorí náà òun mọ̀ pé nǹkan náà ṣì wà nínú rẹ̀. Ìró tí kò dún yẹn ò jẹ́ kí òun sùn. Ńṣe ló dà bí ẹni tó gbé ẹsẹ̀ kan sókè tí kò sọ ọ́ kalẹ̀.

"Ẹ ò sọ fún wa, Màmá," ni Sísọ́ọ̀sì wí.

"Mo sọ. Ẹ ní mò ń ṣarán."

Sísọ́ọ̀sì tẹ orí ba, ó sì tún béèrè:

"Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́? Ibo lẹ ti rí kọ́kọ́rọ́?"

"Ta ló ni kọ́bọ́ọ̀dù? Baba wọn ló kàn án fún mi nígbà tí mo wọlé yìí, aṣọ mi ni mò ń kó sí i. Kọ́kọ́rọ́ méjì ló bá a wá. Ọmọ mi gba ọ̀kan, kò béèrè èkejì."

Ó ní bí òun bá ti gbọ́ pé maṣíìnì ń sáré ni òun máa ń lọ, kí ẹnikẹ́ni má baà dá òun dúró. Irin náà le, ọwọ́ òun ò lágbára. Òun á wọ́ ọ dé ẹnu ọ̀nà, òun á gbìyànjú, òun á ta ọ́ìlì sí i, òun á dá a padà. Òun mọ ibi tí yanrìn wà. Atẹ́gùn ẹnu ọ̀nà ló ń fi han òun, ibẹ̀ sì ni òun ń kọ ẹnu rẹ̀ sí. Òun ò jẹ́ kí ìka òun sún mọ́ ibi tí wọ́n ń fà. Àárọ̀ yìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹ́, òun sì sọ ọta sínú agolo kan lọ́kọ̀ọ̀kan, òun ń kà á jáde bí ọmọ òun ṣe máa ń kà á.

"Ta ló kọ́ yín ní gbogbo ìyẹn?" ni Baba Kékeré béèrè. Ohùn rẹ̀ ò tíì padà sípò.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ. Ó ń sọ ọ́ nínú ilé yìí láràárọ̀. Ìyàwó náà gbọ́ ọ."

Sísọ́ọ̀sì gbọ́ ọ lóòótọ́. Ó ti gbọ́ ọ débi pé kò gbọ́ ọ mọ́.

"Òun náà ló ní kí n ṣe é," ni Màmá tún wí. "Àárọ̀ ọjọ́ yẹn. Nígbà tó ti kọ́bọ́ọ̀dù tán, ó dúró sẹ́yìn ògiri. Ó ní, 'Màmá, ẹ bá mi yọ ọ́.' Ohùn ẹ̀ yè kooro."

Sísọ́ọ̀sì ṣíjú wo Baba Kékeré, ó sì tún gbójú kúrò. Ó rántí ẹnu ọkọ rẹ̀ bó ṣe wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ahọ́n tó wúwo bí òkúta, ọwọ́ òsì tó nà sápá ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọkùnrin tó rí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ò lè pe orúkọ ara ẹ̀. Kò sọ ọ́ fún Màmá. Títí ìyá náà fi wọ káà ilẹ̀, kò sọ ọ́ fún un.

Kò jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú. Ó ní kí Baba Kékeré gbé ìbọn lọ sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, kó kọ ọ́ sí yanrìn, kó ṣẹ́ ẹ. Ó wo ihò méjèèjì fúnra rẹ̀, ó ti ọmọńdinrín bọ̀ wọ́n. Wọ́n tì í mọ́lé, ó gba kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ Màmá mọ́ tirẹ̀, wọ́n sì jọ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ọ̀gá obìnrin kan, tí irun rẹ̀ ti ń funfun, ló tẹ̀ lé wọn padà wálé. Wọ́n ní ó ti ṣófo. "Mo ti gbọ́," ló wí, ó sì ń ṣẹ́ ẹ bó ṣe ń sọ ọ́, ó wo inú rẹ̀ kó tó gbé ojú sókè.

"Kọ́kọ́rọ́ mélòó ló wà?"

"À ń rò pé ọ̀kan ni, mà."

"Gbogbo ilé ni wọ́n ti máa ń rò pé ọ̀kan ni."

Ó ní ìwé àṣẹ ti bá ẹni tó ni ín lọ, pé ó ti yẹ kí wọ́n mú ìbọn náà wá ní kété tí wọ́n sin ín tán, pé ìbọn tí ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀ ti kú dà bí ajá tí kò mọ ẹni tó ń bá gbé mọ́. Ó kó o lọ, òun àti ọta tó wà nínú àpótí irin àti méjì tó wà lórí tábìlì. Kò bá wọn jà. Ó tiẹ̀ kí Màmá kó tó lọ, ó kúnlẹ̀ kí i dáadáa.

Àwọn ọmọ ọmọ wá lo ìsinmi. Wọ́n ṣí kọ́bọ́ọ̀dù náà lọ́jọ́ tí wọ́n dé gan-an, gẹ́gẹ́ bí ìyá wọn ṣe wí; àpò àgékù aṣọ ni wọ́n bá níbẹ̀. Màmá wá ń sùn di ìgbà tí oòrùn bá ti ga. Sísọ́ọ̀sì náà ń rán aṣọ rẹ̀, àmọ́ ó ti mọ́ ọn lára láti máa dá maṣíìnì dúró lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láìnídìí, kó tẹ́tí sí ilé díẹ̀, kó tó máa bá iṣẹ́ lọ.

Baba Kékeré ni kò yé wọn mọ́. Ó ń wá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ń gbé omi, ó ń tún páànù ṣe, ó ń ra ọsàn bọ̀ fún Màmá. Àmọ́ kò ní jókòó kọjú sí ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni yóò jókòó sí, tàbí ẹ̀yìn rẹ̀, bí wọ́n tiẹ̀ fún un ní àga ibòmíràn. Kì í dápàárá mọ́. Nígbà tí ọdún ń lọ sópin, Sísọ́ọ̀sì ní kó dìde kí òun wọn ẹ̀wù kan fún un. Ó dìde, ó kẹ̀yìn sí i, ó na apá. Ó wọn èjìká, ó wọn ẹ̀yìn.

"Ẹ yíjú sí mi, kí n wọn àyà."

Ó dúró fúngbà díẹ̀ kó tó yí. Nígbà tó yí, ó ti di ojú méjèèjì. Obìnrin náà na téèpù yí i ká, ó sì gbọ́ àyà rẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, tó ń lù bíi ti ẹni tó sáré wá láti ọ̀nà jíjìn, kò sì mí rárá.

"Ẹ mí, Baba Kékeré," ló wí. "Ẹ̀wù tí wọ́n bá wọ̀n láìmí máa ń fún èèyàn."

Ó mí. Sísọ́ọ̀sì tú téèpù sílẹ̀ kó gba ibi tí àyà náà fẹ̀ dé, ó wò ó, ó sì lọ sídìí tábìlì lọ gé aṣọ náà.